Arákùnrin kan ní kí ìyá ìjọ wa má lo oògùn mọ́, ó sì ti kó ìdajì akọrin: kí ni ká ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà inú ìgbàgbọ́, mo kí yín o. Ìjọ wa ò tóbi, Iléṣà níbí la wà. Láti ọdún tó kọjá ni arákùnrin kan ti ń bá wa jọ́sìn. Ó mọ àdúrà gbà, ó mọ Bíbélì lórí, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá ìpàdé àdúrà alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀ nílé arábìnrin kan ní àdúgbò Ìsokùn. Ó tó ìdajì àwọn akọrin wa tó ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ohun tá a wá ń gbọ́ ni pé ó ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò nígbàgbọ́, àti pé ìjọ wa ti kú, kí ẹni tó bá gbọ́n tètè jáde. Màmá àgbàlagbà kan ti pa oògùn wọn tì. Pásítọ̀ ní ká gbé ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn alàgbà méjì ní ká lé e níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní òwú ló ń jẹ àwọn alàgbà. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí. Ẹ bá mi dá sí i.

* * *

ÈSÌ

Ẹ kú ìtọ́jú ìjọ o, Akọ̀wé. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí kò ṣeé fi dọ̀la: màmá tó pa oògùn tì. Kí ẹ tó pe ìgbìmọ̀ kankan, ẹ lọ sílé wọn lónìí. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé yín, kí arábìnrin kan tí wọ́n fọkàn tán náà wà níbẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rárá. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jọ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ náà wò.

Ohun tó ń kán mi lójú ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ẹni tó jáwọ́ nínú oògùn lè máa jó níwájú pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa jẹ́rìí pé ara òun ti dá, títí ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ máa dé lójijì. Torí náà, "mo ti jáwọ́, nǹkan kan ò sì ṣe mí" kò tíì di ẹ̀rí ìwòsàn. Bí Olúwa bá ti wo màmá sàn, bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, a óò rí i, dókítà tó kọ oògùn yẹn náà ló máa sọ pé ó tó. Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà (Lúùkù 17). Ẹni tó bá ní ká má ṣe àyẹ̀wò ìwòsàn, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i kà.

* * *

ÈSÌ: Lórí "ẹ gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́" àti "ẹ lé e"

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó dáhùn níbí ló ti pín sí ọ̀nà méjì yìí. Àwọn kan ní bí ẹ bá dá sí i, ìjọ á tú. Àwọn mìíràn ní ìkookò ni, kí ẹ má fi sùn mọ́jú. Èmi ò bá apá kankan lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn alàgbà Éfésù nígbà tó ń dágbére fún wọn ní Mílétù (Ìṣe àwọn Àpọ́stélì 20). Ó ní àwọn ìkookò máa wọlé lẹ́yìn tóun bá lọ, ó sì tún ní láàárín àwọn alàgbà yẹn fúnra wọn làwọn kan á ti dìde láti fa ọmọ ẹ̀yìn sẹ́yìn ara wọn. Ẹ ò rí i pé kò fi ìṣọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan? Àwọn alàgbà ló pàṣẹ fún pé kí wọ́n máa ṣọ́ agbo. Ó sì ní ọdún mẹ́ta lòun fi ń kìlọ̀ fún kálukú tòun ti omijé, lọ́sàn-án àti lóru. Torí náà, pásítọ̀ tó bá ní ká dákẹ́ ò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lé e lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló ti bá a sọ̀rọ̀? Nínú gbogbo ohun tí Akọ̀wé kọ, kò síbi tí ẹnì kan ti jókòó bi ọkùnrin yìí pé, "Ṣé lóòótọ́ lo sọ báyìí?" Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mátíù 18 ní kí o lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnì kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di ọ̀rọ̀ ìjọ. Títù 3 náà ní ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fo gbogbo èyí, tẹ́ ẹ wá dójú tì í níwájú ìjọ, ìdajì akọrin tó kù máa tẹ̀ lé e torí àánú. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí. Ọkùnrin tí èèyàn díẹ̀ ń tẹ̀ lé di ẹni tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, kò pẹ́ tó fi ní ìjọ tirẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

Kí alàgbà kan tó ní sùúrù àti ẹlòmíràn tí ọkùnrin náà bọ̀wọ̀ fún lọ sílé rẹ̀. Kí wọ́n bi í pé kí ló ń kọ́ àwọn èèyàn lórí oògùn. Kí wọ́n bi í bóyá ó lè wá kọ́ ọ lójú pásítọ̀ àti àwọn alàgbà, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́ gbogbo wa. Kí wọ́n sì béèrè ibi tí owó tí wọ́n ń dá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń lọ. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

* * *

ÈSÌ: Sí ẹni tó kọ̀wé láti Òkè-Ooye, ní Iléṣà níbí

Ẹ ní: "Ní ìlú yìí gan-an làwọn baba wa ti fi oògùn sílẹ̀, Ọlọ́run sì dá wọn lóhùn. Ṣé èké olùkọ́ làwọn náà ni?"

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ síbí, torí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ìjọ ní Iléṣà lórí ọ̀rọ̀ oògùn, orí ilẹ̀ àwọn baba yẹn ló dúró sí.

Ní 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn Kristẹni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, wọ́n sì gbára lé Ọlọ́run nìkan fún ìwòsàn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ àdúrà náà ti gbilẹ̀, tí wọ́n sì fara mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ní July 1930, àwọn olórí wọn pàdé ní Òkè-Ooye láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́. Àkókò ìpàdé yẹn ni ìsọjí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún bẹ́ sílẹ̀, tí èrò fi ń wọ́ wá sí Iléṣà láti ìlú gbogbo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn míṣọ́nnárì The Apostolic Church dé láti Britain, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará wá rí i pé àwọn òyìnbó yìí ń lo kuníìnì láti dènà ibà. Àwọn kan ní báwo la ṣe lè máa wàásù ìwòsàn láti ọ̀run ká sì máa gbé kuníìnì mì? Ọ̀rọ̀ náà ò tán. Ní nǹkan bí 1940, wọ́n pínyà. Àwọn kan dúró ti àwọn míṣọ́nnárì. Babalọlá, D. O. Ọdúbánjọ àti I. B. Akínyẹlé, tó wá di Olúbàdàn lẹ́yìn náà, wà lápá kejì, èyí tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Ìjọ méjèèjì ṣì wà nílùú wa dòní. Ní ìlú kan náà yìí sì rèé, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́ Wesley Guild, ọsibítù tí ọ̀pọ̀ wa ti gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà.

Èmi ò gba gbogbo ohun tí àwọn baba yẹn kọ́ lórí oògùn. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (Àìsáyà 38). Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ó tún pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Ẹsẹ tí wọ́n sábà máa ń jù sí wa ni ti ọba Ásà, tó wá àwọn oníṣègùn nínú àìsàn rẹ̀ (2 Kíróníkà 16). Ẹ ka ẹsẹ yẹn dáadáa: ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé kò wá Olúwa.

Síbẹ̀, mi ò lè pe àwọn baba yẹn ní èké olùkọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ara tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Olórí bá olórí jiyàn, àwọn tó lè dá wọn lóhùn wà níjókòó. Nígbà tí wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sọ ohun tó pín wọn níyà lórúkọ, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọkùnrin Ìsokùn yìí ńkọ́? Alẹ́ ló ń kọ́ni, lẹ́yìn pásítọ̀. Ara ìyá oníyàá ló ń fi dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Bí màmá bá ṣubú lọ́la, ó máa ní ìgbàgbọ́ wọn ò tó, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kì í jẹ gbèsè rẹ̀, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń san án, òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ará lè gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní lo oògùn. Ẹ má lé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Róòmù 14 gbà á láyè. Ìgbà tó bá sọ ọ́ di òfin fún ẹlòmíràn, tó fi ń dá a lẹ́bi, tó sì fi ń yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ará, ìgbà yẹn lẹ gbọ́dọ̀ dìde.

* * *

ÈSÌ: "Ṣùgbọ́n ó ríran, ó sì ṣẹ"

Mẹ́ta nínú àwọn tó kọ̀wé ló sọ èyí nípa ọkùnrin Ìsokùn yìí. Ẹ lọ ka Diutarónómì 13. Ó ní bí wòlíì bá sọ àmì kan, tí àmì náà sì ṣẹ, síbẹ̀ tó ń fà yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́run mìíràn, ẹ má fetí sí i. Torí náà ìran tó ṣẹ ò tó ẹ̀rí. Nínú 1 Kọ́ríńtì 14, bí àwọn wòlíì méjì tàbí mẹ́ta bá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Mi ò mọ ìran kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n ní kí ìjọ má wádìí.

Ẹ sì kíyè sí ìran tó máa ń dá ìdílé rú: "ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ló di iṣẹ́ rẹ mọ́lẹ̀", "ìyàwó ọmọ rẹ kì í ṣèèyàn lásán". Ìran bẹ́ẹ̀ ò ní ẹlẹ́rìí, kò ṣeé já ní koro, ẹni tí wọ́n sì dárúkọ kì í sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ìjọ tó bá gbà á láyè ti ń pín kí ẹnikẹ́ni tó jáde nínú rẹ̀.

* * *

ÈSÌ: Àwọn ọ̀dọ́ ní òwú ni

Ẹ má tètè bínú sí wọn. Nígbà mìíràn òwú ni lóòótọ́. Nínú lẹ́tà kẹta Jòhánù, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Díótíréfésì, inú ìjọ ló wà, ipò àkọ́kọ́ ló ń wù ú, ó ń lé àwọn tó gba àwọn ará sílé jáde. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìkookò láti ìta, olórí ni. Ní ìdàkejì, Àpólò ń wàásù tìtara-tìtara, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sì pé. Pírísílà àti Ákúílà mú un lọ sílé, wọ́n ṣàlàyé fún un dáadáa, ó sì di ìrànlọ́wọ́ ńlá fún àwọn ará (Ìṣe 18). Bí wọ́n bá ti pariwo "èké olùkọ́" lé e lórí lọ́jọ́ yẹn, ìjọ Kọ́ríńtì ni ì bá pàdánù.

Mo mọ ìjọ kan nílùú yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde nínú ìpàdé, ó béèrè ibi tí owó ilé tuntun wọlé sí. Wọ́n ní ẹ̀mí ìyapa ló ń lò ó. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìwàásù bú u lọ́sẹ̀ mélòó kan. Kò sọ ẹ̀kọ́ òdì kankan. Nígbà tí olùdásílẹ̀ ìjọ náà kú, orúkọ tirẹ̀ làwọn ará rí lórí ìwé ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ogún bàbá àwọn ni, ìjọ sì fọ́ sí mẹ́ta. Mo gbà gbọ́ pé púpọ̀ nínú ìyapa tí à ń pè ní ti ẹ̀kọ́ níhìn-ín, owó, ipò tàbí ilẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n kàn fi ẹsẹ Bíbélì bò ó ni. Ó dùn mí gan-an láti máa sọ ọ́.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ní Mílétù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ìkookò tán, ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé òun ò ṣojúkòkòrò sí fàdákà, wúrà tàbí aṣọ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ òun lòun fi bọ́ ara òun àtàwọn tó wà lọ́dọ̀ òun. Ó kìlọ̀, ó sì ṣírò owó, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ máa ka ìṣirò owó fún ìjọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kó má ṣe jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ síwèé gba owó ní báńkì, kí àwọn méjèèjì tó ń fọwọ́ sí i má sì jẹ́ tọkọtaya. Kí rìsíìtì ilẹ̀ wà lórúkọ ìjọ. Bí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020 (CAMA), tó kan àwọn ìjọ pẹ̀lú, ẹ ṣe é, kí àwọn tí òfin fi ohun ìní ìjọ sí níkàáwọ́ jẹ́ èèyàn mélòó kan láti inú ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìwé yín bá ṣí sílẹ̀ báyìí, ẹ wá lè béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin Ìsokùn, kò sì ní sí ọ̀dọ́ tó máa ní òwú ni.

* * *

ÈSÌ: Kí ló gbé àwọn akọrin lọ síbẹ̀ gan-an?

Mo ń retí kẹ́nì kan béèrè èyí, kò sẹ́ni tó béèrè. Ẹ lọ bi àwọn tó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí mo sábà ń gbọ́ lẹ́nu irú wọn ni pé ẹnì kan mọ orúkọ àwọn níbẹ̀. Ẹnì kan béèrè iṣẹ́ tí àwọn ń wá, ẹnì kan gbààwẹ̀ fún ọmọ àwọn tó ń ṣàìsàn. Nínú ìjọ, wọ́n ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń gba owó aṣọ akọrin lọ́wọ́ wọn, ó parí.

Ẹ má fòfin de ìpàdé inú ilé. Ilé làwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti ń pàdé. Ẹ dá tiyín sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ìgbìmọ̀ ti dán wò, tí ìyàwó rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Bíbélì ní kí ẹ má fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ṣe alábòójútó (1 Tímótì 3). Ọkùnrin Ìsokùn yìí tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ò sì sọ ìjọ tó ti wá fún wa. Ṣé ẹ ti pe pásítọ̀ rẹ̀ àtijọ́?

Akọ̀wé, iṣẹ́ yín ló kù. Ẹ mú ìwé Bíbélì kan, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní kíláàsì, kí àwọn èèyàn máa béèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gálátíà. Ẹni tó bá ti ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti bá Pétérù wí lójú gbogbo èèyàn máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ga ju ìbéèrè lọ nínú ìjọ, ì báà ṣe wòlíì, ì báà ṣe pásítọ̀.

* * *

AKỌ̀WÉ TÚN KỌ̀WÉ

Ẹ ṣeun o. Màmá ti padà sídìí oògùn wọn. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn ga gan-an, dókítà ní a tètè dé. Àwọn alàgbà lọ bá ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Ẹ̀mí ló ń kọ́ òun, òun ò ní wá síwájú ẹ̀dá kankan. Arábìnrin Ìsokùn ti ní òun ò gbà á láyè nílé òun mọ́. Kí ni ká sọ fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi?

* * *

ÈSÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run lórí màmá.

Kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tó bá ku àwọn ọmọ ìjọ nìkan, láìsí fóònù tó ń ká fídíò. Kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó lè sọ báyìí: "Arákùnrin wa ń kọ́ni pé ẹni tó ń lo oògùn kò nígbàgbọ́. A ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì, a sì ní kó wá jókòó pẹ̀lú wa, ó kọ̀. Ìjọ yìí ò gba ẹ̀kọ́ yẹn, a ò sì gbà á láyè láti kọ́ni láàárín wa. Bó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nígbàkigbà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀." Kó má fi ẹ̀sùn owó tàbí obìnrin kún un nígbà tí ẹ ò ní ẹlẹ́rìí. Kó má ṣépè. Kó tún sọ ohun tí ìjọ gbà gbọ́ lórí àdúrà fún aláìsàn, kó ka Jákọ́bù 5, kí àwọn alàgbà sì gbàdúrà fún àwọn aláìsàn níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ ti kọ agbára Ọlọ́run sílẹ̀.

Ẹ pa àwọn tó ń bú ara wọn lórí gbúrùpù WhatsApp ìjọ lẹ́nu mọ́, lápá méjèèjì.

Àwọn akọrin tó bá tẹ̀ lé e, ẹ máa kí wọn lọ́jà Atakúnmọ́sà, ẹ máa lọ síbi ìnáwó wọn. Aṣọ akọrin tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ gbà á báyìí. Èyí tó bá padà, ẹ má mú un kúnlẹ̀ níwájú ìjọ. Kí alàgbà kan bá a sọ̀rọ̀, kó sì jókòó sínú kíláàsì yín fún sáà kan kó tó tún darí orin. Bí akọrin ò bá pé lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ẹ gbé ìwé orin jáde, kí gbogbo ìjọ jọ kọ ọ́.